Yìnyín Tí Wọ́n Pín sí Méjì

Mo wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé báyìí kọ́ ló rí, nítorí ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i, láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó tí wọ́n ń ṣírò yìnyín lórí fóònù títí di ìgbà tí ilé ọ̀rá mi tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó ẹnì kankan. Mi ò kà á nínú gúrúùpù ìjọ lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń purọ́ tí wọ́n ń fi àmì ọwọ́ àdúrà tì í lẹ́yìn. Mo wà ní ìjókòó nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ náà. Mo wà lábẹ́ òrùlé nígbà tí irin ń ké. Ẹni tí kò bá sí ní ibi méjèèjì, kó fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo kọ́. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nílé, tí bàbá mi mú mi lọ bá ọ̀gá, tí mo sì kọ́ bí a ṣe ń fi iná bá irin sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fi kíláàsì kẹrin ṣe ní Houston yìí, àwọn tó gba oyè lé oyè kò lè ṣe é. Àwọn géètì ńlá tó wà níwájú ilé àwọn ènìyàn wa ní Pearland, èmi ni mo jó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ lọ wò wọ́n. Ìjì ti kọjá lórí wọn tó ṣí òrùlé ilé, géètì mi dúró síbẹ̀ bí ẹni pé kò gbọ́. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, tí àwọn oníṣègùn ní kí n má gbé irin wúwo mọ́, mi ò jókòó sínú apartment mi ní Brays Oaks kí n máa ka eṣinṣin. Mo lọ bá ìjọ mi, mo ní kí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì fún mi, kí n fi dá oko ẹ̀fọ́. Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, nítorí koríko ti ga níbẹ̀ débi pé àwọn ọmọdé ní ejò wà níbẹ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní ìparí Pearland, níbi tí ilé ti ń jìnnà síra. Èmi ni mo ṣán koríko yẹn. Èmi ni mo ra páìpù, irú èyí tí àwọn oníná ń ki wáyà bọ̀, mo tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọrun, mo rì wọ́n mọ́lẹ̀, mo fi páìpù gígùn kan so orí gbogbo wọn pọ̀, mo wá fi ọ̀rá funfun tó nípọn bò ó. Ilé ọ̀rá nìyẹn. Ó gùn ju ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ lọ. Òyìnbó kan tó ń kọjá dúró, ó bi mí pé ta ni injinía tó ya àwòrán rẹ̀. Mo na ìka sí àyà ara mi. Ó wò mí lókè, ó wò mí nísàlẹ̀, ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà fóònù mi.

Ewúro wà níbẹ̀, ẹ̀fìnrìn wà níbẹ̀, ata rodo ń pọ́n bí ojú ẹni tó ń bínú. Ṣùgbọ́n ugú ni olórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ugú, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Hóró ugú kì í ṣe hóró àgbàdo tí ènìyàn lè sá gbẹ, kó dì í sínú ike, kó gbé e sórí àjà. Tó bá gbẹ, ó kú. Tí òtútù ńlá bá mú un, ó kú. Inú igbá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà, lórí okùn rẹ̀, títí tí yóò fi gbó. Àwọn tó gbìyànjú láti gbé e bọ̀ láti ilé, àwọn aṣọ́bodè gbà á lọ́wọ́ wọn ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n jù ú sínú garawa. Èyí tí mo ní, màmá arúgbó kan ní League City ló fún mi, ẹni tó ti ń gbìn ín lẹ́yìn ilé ọmọ rẹ̀ kí èmi tó mọ ọ̀nà Amẹ́ríkà. Màmá náà ti kú. Ọmọ rẹ̀ ta ilé, ẹni tó rà á sì da kọnkéré bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Mo lọ wò ó. Kò sí ewé kan.

Nítorí náà, kò sí ibi tí mo tún lè lọ tọrọ irú rẹ̀. Ní àkókò tí mò ń wí yìí, igbá ugú mi ti so rọ̀ lára okùn tí mo ta fún un lábẹ́ òrùlé, ó tóbi bí orí ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n kò tíì gbó. Ó ku díẹ̀. Tó bá la òtútù yẹn já, mo ní irú títí ayé. Tí kò bá là á já, ọ̀rọ̀ ugú parí fún mi nìyẹn, àti fún gbogbo ilé tó ń ti ọwọ́ mi jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú dé. Gbogbo fóònù ń ké pé yìnyín ń bọ̀. Kì í ṣe èyí tó ń bọ́ bí òkúta sórí páànù nílé o. Èyí tó rọ̀ bí òwú ni, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní snow. Houston kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Àwọn ènìyàn ti ń jà sí búrẹ́dì ní ilé ìtajà bí ẹni pé ayé fẹ́ parí.

Lẹ́yìn ìsìn, mo ní kí àwọn ọkùnrin dúró. Èmi ni mo pe ìpàdé. Ohun tí mo fẹ́ kò le. Igi gígùn mẹ́fà wà nínú yàrá ẹ̀yìn, igi dáadáa, tí ìjọ rà láti fi ṣe ọgbà yí pẹpẹ ká. Mo fẹ́ gé wọn níwọ̀n, kí n tò wọ́n sí àárín ilé ọ̀rá, kí wọ́n ti páìpù òkè lábẹ́. Mo ti wọn ilé mi. Igi mẹ́fà ló máa gbé e. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbàdúrà sí àwọn igi náà, wọ́n ti fi òróró yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í wá ṣe ohun tí ènìyàn kan lè dá gé láìgbàṣẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró níwájú wọn, tí mo dọ̀bálẹ̀, tí mo sọ ẹjọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n Injinía ló kọ́kọ́ fa fóònù yọ. Àgbà ni wọ́n, ilé iṣẹ́ epo ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, nǹkan ò sì ní í ṣẹlẹ̀ láyé kí wọ́n má ní àwòrán rẹ̀ lórí fóònù.

"Kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ojú ọjọ́ ti sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ wo àwòrán yìí. Àwọ̀ elésè àlùkò ni Houston wà. Íńṣì márùn-ún. Ẹ fún Wẹ́dà ní igi ẹ̀."

Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ni Dókítà bá rẹ́rìn-ín. Dókítà àwọn ọmọdé ni, ilé ìwòsàn ńlá Medical Center ló ti ń ṣiṣẹ́, League City ló ń gbé, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń kọ́ pẹpẹ. Igi yẹn, bí ẹni pé inú ara rẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ gé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Íńṣì márùn-ún ní Texas? Ẹ wo tèmi. Kọ̀ǹpútà kan náà, ìṣírò àárọ̀ yìí kan náà. Íńṣì kan péré ló wí."

"Tìrẹ ti gbó."

"Kò gbó, sà. Ẹ tẹ ibi tí mo tẹ̀, ẹ máa rí i."

Mo gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà kan náà, ó ní. Mo fẹ́ béèrè bí ẹnu kan ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ méjì. Mo ti la ẹnu. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Wẹ́dà, jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n parí ọ̀rọ̀ ná." Mo pa ẹnu dé. Kí Ọlọ́run má tún jẹ́ kí n pa ẹnu dé bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n gbé fóònù sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. "Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Kọ̀ǹpútà máa ń sọ iye omi tó fẹ́ bọ́. Ìdajì íńṣì omi ló ní yóò bọ́. Tí omi bá di yìnyín, ó máa ń wú, ìlọ́po mẹ́wàá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìdajì lọ́nà mẹ́wàá, kí ni yóò jẹ́? Wẹ́dà, o lè ṣe é?"

"Márùn-ún ni, Ẹ̀gbọ́n. Kíláàsì kẹta ni wọ́n ti kọ́ wa. Kẹrin ni mo tó kúrò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, mo rò pé ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ni.

Dókítà ní, "Mẹ́wàá yẹn, ti Chicago ni, níbi tí yìnyín ti ń gbẹ bí ìyẹ̀fun. Tiwa níbí máa ń yọ́ bó ṣe ń bọ́ ni. Èyí tó máa kù nílẹ̀ gan-an ni àwòrán tèmi ń kà. Ẹ ò lè torí àwọ̀ elésè àlùkò gé igi pẹpẹ."

"Etí àwọn ọmọ ọwọ́ lo ń wò níbi iṣẹ́ ẹ, o ò wo ojú ọ̀run."

"Ẹ̀yin náà, abẹ́ ilẹ̀ lẹ wò títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, sà."

Gbọ̀ngàn náà gbaná. Àwọn kan wà lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n, àwọn kan wà lẹ́yìn Dókítà. Kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn ilé ọ̀rá.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Ìjọ fi ọwọ́ kan tábìlì. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú aṣọ funfun wọn. Bàbá Ìjọ ni wọ́n ń bá wa parí ìjà. Tọkọtaya tó bá fẹ́ kọ ara wọn, ìyá àti ọmọ tí kò bára wọn sọ̀rọ̀, àwọn méjì tó jọ ra ọkọ̀ tí ọ̀kan gbé e sálọ, Bàbá ni wọ́n ń parí rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde níwájú wọn kí ojú tì í. Ìyẹn ni gbogbo Houston fi mọ̀ wọ́n. Èmi náà, wọ́n ti bá mi parí tèmi rí, mi ò lè purọ́.

"Injinía," ni wọ́n wí, "ìwọ sọ márùn-ún. O ò purọ́. Dókítà, ìwọ sọ ọ̀kan. Ìwọ náà ò purọ́. Ọmọ ìyá ni yín. Injinía, sọ̀ kalẹ̀ méjì fún àbúrò ẹ."

"Mo sọ̀ kalẹ̀, Bàbá."

"Dókítà, gòkè méjì fún ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Mo gòkè, sà."

"Níbo lẹ pàdé?"

"Ní mẹ́ta, Bàbá."

"Íńṣì mẹ́ta ni yìnyín. Igi wá ńkọ́? Wẹ́dà béèrè mẹ́fà, Dókítà ní òun ò fún un ní ọ̀kan. Ẹ fún un ní mẹ́ta. Kí mẹ́ta kù fún pẹpẹ."

Gbọ̀ngàn kígbe Halelúyà. Ẹ̀gbọ́n àti Dókítà dì mọ́ra. Wọ́n wá ní ká dìde, ká gbàdúrà, kí yìnyín má ṣe kọjá ohun tí a ti fẹnu kò sí. Mo dìde. Mo ṣe àmín. Àmín yẹn ò ti inú mi wá.

Nítorí kí ni? Tí ọkọ bá fẹ́ jẹ ẹ̀bà tí ìyàwó fẹ́ se ìrẹsì, wọ́n lè pàdé lójú ọ̀nà, torí ọkọ ní etí, ìyàwó ní etí. Ta ló lọ bá ọ̀run sọ̀rọ̀ kó sọ̀ kalẹ̀ méjì? Ta ló gbọ́ kí ọ̀run dáhùn pé òun gbà? Àwọn ènìyàn tó gba oyè, tí wọ́n kọ orúkọ oyè wọn sára ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó pín yìnyín tí kò tíì bọ́ bí ẹni pín ogún bàbá, kó má bàa dun ẹnì kankan. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi nínú mọ́tò nígbà tí a ń lọ sílé lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀. Ó ní kí n máa wo iwájú, kí n má pa òun.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé ẹ̀rọ ìgégi lọ. Mo to igi mẹ́ta, wọ́n dúró gírígírí, iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í mì. Mo rìn sẹ́yìn wò ó. Àárín nìkan ni mẹ́ta yẹn dé. Ìhà ìsàlẹ̀, níbi tí ugú wà, kò ní nǹkan kan lábẹ́. Mo bá lọ mú ìkẹrin. Mo gé e. Mo ń gbé e dúró lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ìró mọ́tò Ẹ̀gbọ́n Injinía.

"Wẹ́dà, mélòó nìyẹn?"

"Ìkẹrin ni, sà."

"Mẹ́ta la sọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gan-an lẹ ní íńṣì márùn-ún. Ẹ̀yin lẹ gbèjà mi lánàá."

"Lánàá nìyẹn. Àgbà ti dá a. Èmi ti sọ̀ kalẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, ìwọ wá fẹ́ gòkè lẹ́yìn mi?"

"Mi ò gòkè, sà. Òrùlé ni mo fẹ́ kó wà lókè."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe Bàbá Ìjọ, wọ́n ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ kí èmi náà lè gbọ́.

"Wẹ́dà, ọmọ mi," ni Bàbá wí láti inú fóònù, "ṣé o fẹ́ sọ fún ìjọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò tó?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ṣé a gbàdúrà àbí a ò gbàdúrà?"

"A gbàdúrà, sà."

"Yọ ọ́."

Mo yọ ọ́. Èmi, ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti funfun, mo dọ̀bálẹ̀ fún fóònù lórí ilẹ̀ ẹ̀fọ́, mo sì yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn gbé èyí tí mo ti gé kúrú padà sínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n gbé e ti méjì tó kù, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Mo wakọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta pákó. Wọ́n ti tì í, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé ó di ìgbà tí yìnyín bá lọ. Ká tilẹ̀ ní wọ́n ṣí, igi yòówù tí mo bá gbé wọlé, Bàbá ni wọ́n máa ní mo gbé e dúró takò, kì í ṣe yìnyín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ti ṣe ìjọ rí lè béèrè ìdí tí mi ò fi gbó wọn lẹ́nu. Kó wá ṣe ìjọ ná.

Mo kó bùláńkẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé wa, mo fi bo ugú, mo tan iná gílóòbù sáàárín wọn kó lè móoru. Mo ní kí ìyàwó mi máa lọ, pé èmi máa sùn sínú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí wọ́n ti ní àwọn máa ti àwọn freeway.

Òwúrọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ yìí o. Kì í ṣe òwú ló kọ́kọ́ bọ́. Òjò ló kọ́kọ́ rọ̀, òjò tín-ín-rín, ó ń dì bó ṣe ń kan ọ̀rá. Lẹ́yìn náà, hóró wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ wọ́n lé e lórí, ó ń dún ṣàà-ṣàà, ó sì lẹ̀ mọ́ ibi tí omi ti dì bí iyanrìn tí wọ́n dà sórí gúlúù. Ìgbà yẹn ni èyí tó dà bí òwú wá bẹ̀rẹ̀. Ká ní òun nìkan ló bọ́, ì bá máa yọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, torí bí ọrun ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó rí ibi dì mú. Ó jókòó. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn jókòó lé e lórí.

Mo fi aṣọ wé ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn, mo ń gbá a láti ìta. Ó dà bí ẹni ń gbá ògiri. Mo wọlé, mo ń fi ọwọ́ lu ọ̀rá láti ìsàlẹ̀. Ibi tí mo bá lù, ó mì, kò bọ́. Òrùlé ti wálẹ̀ débi tí orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ní ìhà ugú, páìpù kan ké, ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọdé tí eyín ń dùn. Mo sáré lọ síbẹ̀, mo tẹ orí ba, mo fi èjìká gbé páìpù òkè. Ẹ̀yìn tí wọ́n ní kí n má fi gbé irin, òun ni mo fi gbé gbogbo ọ̀run. Mo sì gbé e. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò gbé e. Ó dúró lórí mi fún ìgbà díẹ̀, mo ń wo igbá ugú níwájú ojú mi báyìí, ó ń fì lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Páìpù tó wà lẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ ṣẹ́. Èyí tó tẹ̀lé e ṣẹ́. Mo rá jáde lábẹ́ ọ̀rá bí aláǹgbá. Nígbà tí mo yí padà, ilé ti tẹ́. Igi mẹ́ta tí wọ́n fún mi nìkan ló dúró, wọ́n gún ọ̀rá já, wọ́n yọrí síta sínú yìnyín.

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Fóònù mi ń dún léraléra. Mo rò pé àwọn ènìyàn ló ń béèrè mi. Ẹ̀gbọ́n Injinía ló fi àwòrán ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Wọ́n ki rúlà bọ inú yìnyín lórí tábìlì ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀: "Mẹ́ta gbáko. Bàbá wa kì í ṣìnà."

Gúrúùpù gbaná. Ọwọ́ àdúrà, ọwọ́ àdúrà, ọwọ́ àdúrà. Ẹnì kan kọ ọ́ pé kọ̀ǹpútà òyìnbó sọ tirẹ̀, ẹnu àgbà sọ tirẹ̀, ta ló borí? Ẹnì kan gbohùn orin sílẹ̀. Dókítà láti League City kọ ọ́ pé mẹ́ta náà ni lọ́dọ̀ òun, òun túúbá. Mo ya fọ́tò ilé ọ̀rá tó wó, mo fi ránṣẹ́ sáàárín orin wọn. Ẹnì kan wá kọ ọ́ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bọ̀dá Wẹ́dà. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà." Orin sì ń bá a lọ.

Ẹ bá mi wò ó. Ilé mi wó, wọ́n ń yọ̀ pé iye tí àwọn sọ ló bọ́. Ká ní márùn-ún ló bọ́, wọn ì bá sọ pé Ẹ̀gbọ́n ló mọ̀ ọ́n, wọn ì bá bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ló bọ́, ẹ̀bi wá di tèmi. Mo fẹ́ ju fóònù yẹn sínú yìnyín. Ohun tí kò jẹ́ kí n jù ú ni pé ìyàwó mi lè pè.

Nígbà tí wọ́n ṣí freeway, wọ́n dé. Bàbá Ìjọ wọ aṣọ funfun, àwa kì í sì í wọ bàtà sí aṣọ àdúrà, wọ́n bá bọ́ bàtà lẹ́nu mọ́tò, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí yìnyín dé ibi tí ilé wó. Àwọn tó tẹ̀lé wọn ń kígbe pé ẹ wo ìgbàgbọ́. Mo wo ẹsẹ̀ Bàbá, ó ti pọ́n. Ó dùn mí fún wọn. Inú sì tún ń bí mi pé ó dùn mí.

Dókítà ni kò bá ẹnikẹ́ni kígbe. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ síbi ọ̀rá, ó bu yìnyín, ó fún un lọ́wọ́, omi ń ṣàn láàárín ìka rẹ̀. Ó gé kókó kan láti ìsàlẹ̀, kókó tó le bí gíláàsì. Ó dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ìṣírò ọjọ́ Àìkú ṣì wà lórí fóònù yín?"

"Ó wà. Kí ló dé?"

"Ẹ má wo àwọ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ omi sí."

"Ìdajì íńṣì. Mo ti sọ ọ́."

Dókítà na tirẹ̀ sí wọn. "Tèmi náà nìyí. Ìdajì íńṣì. Omi kan náà." Ó wò mí. "A ò jà rárá, Bọ̀dá Wẹ́dà. Ẹ̀gbọ́n mú omi náà, wọ́n fi mẹ́wàá sọ ọ́ di púpọ̀, àti òjò tó dì, àti hóró, gbogbo ẹ̀ ni àwòrán wọn kà mọ́ yìnyín. Tèmi mú omi yẹn náà, ó yọ èyí tó máa yọ́, ó tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Gíga rẹ̀ là ń jà lé lórí. Ilé kì í gbé gíga. Omi tó wà nínú rẹ̀ ló ń gbé, ì báà jẹ́ ọ̀kan, ì báà jẹ́ márùn-ún, ìwọ̀n kan náà ló wà lórí ilé yín."

"Báwo ni ìwọ̀n yẹn ṣe tó?" ni mo bi í.

Ó wo ilé láti ìbú dé òró. "Á tó mọ́tò kékeré kan, sà."

"Ṣé ẹ mọ èyí lọ́jọ́ Àìkú?"

"Ó wà lójú fóònù."

"Mi ò béèrè fóònù. Ẹ̀yin ni mo béèrè."

Ó ju kókó yìnyín náà sílẹ̀. Mo ní, "Ọjọ́ Àìkú yẹn, mo fẹ́ béèrè bí kọ̀ǹpútà kan ṣe ń sọ iye méjì. Ẹ ní kí n jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n parí ọ̀rọ̀. Ẹ ti parí ẹ̀. Òun ló tẹ́ sílẹ̀ yìí."

Ẹ̀gbọ́n Injinía ní kí n rọra sọ̀rọ̀, pé páìpù mi tín-ín-rín. Páìpù mi. Èmi tí géètì mi wà lẹ́nu ọ̀nà wọn títí di òní. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ fi rúlà wọn páìpù náà, kí ẹ gbé àwòrán rẹ̀ sí gúrúùpù." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára gbé e mì.

Bàbá Ìjọ wá gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ń gbọ̀n nínú aṣọ funfun. "Ẹ gbọ́. Páìpù Wẹ́dà lè tín-ín-rín díẹ̀. Ìṣírò àwọn yìí náà lè kù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pín ẹ̀bi yìí sí méjì, kí olúkúlùkù gba apá kan, kí ìfẹ́ lè padà wá."

Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó dáhùn, nínú yìnyín yẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo rí àgbà fín. Mo ní, "Bàbá, ẹ má pín in. Ẹ ti pín yìnyín, ẹ ti pín igi. Èyí, ẹ jẹ́ kó wà lódindi. Mi ò gba apá kankan nínú ẹ̀."

Wọn ò bínú. Ó dà bí ẹni pé kò sí ẹni tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn rí. Wọ́n ní kí ẹnì kan bá wọn mú bàtà wá.

Èmi fa ọ̀bẹ yọ, mo lọ sí ìhà ugú. Dókítà tẹ̀lé mi láìpè. Ó fi apá méjèèjì gbé ọ̀rá sókè kí n lè ráyè wọlé, omi dídì ń dà sí i lọ́rùn. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ti di pákó. Gílóòbù ti fọ́. Mo gé igbá àkọ́kọ́ lórí okùn, mo là á sí méjì. Hóró inú rẹ̀ funfun, ó rọ̀, nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ó di omi lọ́wọ́ mi. Mo la èkejì. Mo la ẹ̀kẹta. Dókítà ní kí n dán àwọn tó wà nísàlẹ̀ wò, pé ilẹ̀ lè ti mú kí wọ́n móoru. Mo wá wọn kàn, mo là wọ́n. Mo ń tẹ hóró kọ̀ọ̀kan, mo ń jù ú sílẹ̀, títí kò fi sí igbá mọ́.

Ohun tó lọ nìyí. Páìpù òkè, gbogbo rẹ̀. Páìpù ọrun, méjìlá ṣẹ́, méjì tẹ̀. Ọ̀rá, lódindi. Igi pẹpẹ kan tí mo gé lásán. Bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Ata rodo, gbogbo rẹ̀. Ẹ̀fìnrìn, gbogbo rẹ̀. Igbá ugú, mọ́kànlá. Hóró ugú tó yè, kò sí.